Ẹ Bi Ìyá Alájá: Tí wọ́n bá ti so mọ́ra, ẹ fi wọ́n sílẹ̀

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: abo tó ń wá akọ, akọ tó já okùn nítorí abo, àti àwa tí a ni wọ́n tí a dúró sáàárín, tí a ò mọ èyí tí a óò ṣe. Mo kó èyí tó jọra pọ̀, mo sì mú mẹ́jọ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ mí: mi ò kàwé dókítà ẹran. Ajá ni mo ń sìn, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ohun tí mo mọ̀, ojú mi ló rí i. Èyí tí ojú mi ò tó, àwọn dókítà tó ń tọ́jú ajá mi ló là mí lójú sí i. Mo ní ìwé kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, inú rẹ̀ ni mo ń kọ ọjọ́ tí ajá kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀jẹ̀ sí, ọjọ́ tó gbà fún akọ, ọjọ́ tó bí. Màá dárúkọ ìwé yẹn títí yóò fi sú yín.

Ìbéèrè: Ìyá Alájá, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ajá aládùúgbò wa fo ògiri wọlé, ó gun abo ajá mi. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, wọ́n ti kẹ̀yìn síra, wọn ò lè já. Àwọn ọmọ da omi tútù lé wọn lórí, ẹ̀gbọ́n mi mú igi. Nígbà tó yá, a fi ọwọ́ fà wọ́n ya. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Ṣé a ò ti ṣe wọ́n léṣe? Ṣé abo náà sì lè lóyún báyìí, nígbà tí wọn ò parí ohun tí wọ́n ń ṣe?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ ti kọ “a fi ọwọ́ fà wọ́n ya”, mo gbé lẹ́tà yín sílẹ̀ ná, mo mu omi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Egungun wà nínú okó ajá, òun ni ó fi ń wọlé kí ara rẹ̀ tó le tán. Ní ìdí okó náà, kókó kan wà tí kò hàn lọ́jọ́ lásán. Ìgbà tó bá ti wọ inú abo ni ẹ̀jẹ̀ máa ń rọ́ kún kókó yìí, á wú bíi bọ́ọ̀lù kékeré. Iṣan abo náà á sì fún mọ́ ọn láti inú. Wọ́n ti so nìyẹn. Kì í ṣe pé akọ kọ̀, kì í sì í ṣe pé abo kọ̀. Àwọn gan-an ò lè tú u. Akọ á wá rọra sọ̀kalẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kọjá lórí abo, wọ́n á kẹ̀yìn síra, orí ọ̀kan síhìn-ín, orí èkejì sọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá rí i rí á ké pe aráyé. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ìṣẹ́jú 5 sí 30 ni ọ̀pọ̀ fi ń wà bẹ́ẹ̀ kí kókó náà tó rọ. Mo ti rí àwọn méjì tó dúró tó wákàtí kan. Mo gbé àpótí jókòó tì wọ́n, mo sì ti rán bọ́tìnnì mẹ́ta sára ẹ̀wù kí wọ́n tó já.

Omi tútù kì í tú u. Igi kì í tú u. Ẹ̀rù lásán ni ẹ ń dá bà wọ́n: abo á fẹ́ sá, á wọ́ akọ tẹ̀lé ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹran ara ti ń ya. Ohun tó yẹ kò pọ̀. Kí ẹnì kan di abo mú lọ́rùn jẹ́jẹ́, kó máa bá a sọ̀rọ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kó jókòó tàbí kó yí ara gbirigbiri. Kí wọ́n lé ọmọdé àti àwọn ajá yòókù lọ. Ó tán.

Ẹ lọ bá aládùúgbò yín, kí ẹ jọ wo akọ náà. Ó ṣeé ṣe kí kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe ajá òun. Ṣé okó rẹ̀ ti padà sínú awọ? Ṣé ó ń tọ̀ geere, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde? Tó bá wú, tó ń lá a ṣáá, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Fún ọjọ́ mìíràn: tí okó bá kọ̀ tí kò padà sínú awọ lẹ́yìn tí wọ́n ti já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sómi bò ó kó má gbẹ, kí ẹ máa sáré lọ. Wákàtí la fi ń ka èyí, kì í ṣe ọjọ́. Ní ti abo tiyín, tí nǹkan olóòórùn bá ń jáde lára rẹ̀, tàbí tí kò jẹun, dókítà náà ni.

Oyún ńkọ́? Ẹ má tan ara yín jẹ. Àtọ̀ tó ní ọmọ nínú ti wọlé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tó ń jáde nígbà tí wọ́n kẹ̀yìn síra, omi tó ń ti ti àkọ́kọ́ síwájú ni. Kódà, àwọn ajá tí kò so rárá lóyún rí. Tí ẹ ò bá fẹ́ ọmọ náà, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Oògùn wà níbòmíràn tí wọ́n fi ń dá a dúró, iṣẹ́ abẹ sì wà tó ń kó ilé ọmọ kúrò pátápátá. Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ gbà ni abẹ́rẹ́ ẹ́sítírójìn, èròjà ara abo kan, tí àwọn kan ṣì ń gún káàkiri. Ó lè ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́, ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó sì lè mú kí ilé ọmọ kún fún ọyún.

Ìbéèrè: Mọ́mì, ajá mi ti pé ọdún méjì ààbọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kẹwàá tí ẹ̀jẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí n gbé e lọ bá akọ. Mo gbé e lọ ní ọjọ́ 10, 11 àti 12. Ó jókòó lé ìdí rẹ̀, ó sì bu akọ náà jẹ létí. Ẹni tó ni akọ ní kí a di ẹnu rẹ̀, kí ènìyàn méjì dì í mú. Tí kò bá gbà rárá, ṣé dókítà lè gba àtọ̀ akọ kó fi sí i lára?

Ìdáhùn: Má di ẹnu rẹ̀, ọmọ mi. Ajá yẹn ti fèsì. Ó ní kò tíì tó.

Ọjọ́ kẹwàá tí gbogbo ènìyàn ń pariwo yìí, kò bá ajá kankan mulẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, tí ẹ̀jẹ̀ pupa, tí ojú ara wú tó sì le, tí akọ ń tẹ̀ lé e tí òun sì ń lé wọn, ọjọ́ 9 ló wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 3 ni ti ẹlòmíràn, ọjọ́ 17 sì ni ti ẹlòmíràn. Ìgbà kejì, tó ń gbà fún akọ, bákan náà ni: bíi ọjọ́ 9, ó lè jẹ́ 3, ó lè tó 21. Ajá tó bá yá ti parí kí ọjọ́ 10 tó pé. Ajá tó bá pẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé mi, abo kan wà tó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, ọjọ́ 11 ni, ó kọ̀. Ọjọ́ 13, ó kọ̀, ó sì já ẹ̀wù mi ya. Mo bú u délé. Ní ọjọ́ 17, mo kàn ṣílẹ̀kùn láti gbálẹ̀ ni, ó já mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà ilé akọ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ìgbà tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 18. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ọjọ́ 17. Láti ìgbà náà, mi ò gbé e kúrò nílé kó tó di ọjọ́ 16, mi ò sì rí eyín rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, fi ojú wò ó. Mú aṣọ funfun, nù ún nídìí láràárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa ló máa kọ́kọ́ jẹ́. Tó bá yá, á ṣá, á dà bí omi tí a fi ṣan ẹran. Ojú ara tó le á rọ̀. Wá fi ìka họ ọ́ lókè ìdí, níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá dúró gbagidi, tó sì gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ṣetán. Tó bá yíjú wò ẹ́ bí ẹni tí o jí nǹkan rẹ̀, padà sílé.

Tí o bá fẹ́ kó dájú ju báyìí lọ, dókítà á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo projẹ́sítírọ́ònù, èròjà ara tó ń múra ilé ọmọ sílẹ̀ fún oyún. Èròjà yìí ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti tó nǹkan bíi nánógíráàmù 5 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹyin ti ń bọ́. Ẹyin ajá kì í bọ́ ní pípọ́n, ó ṣì máa dúró bí ọjọ́ méjì kó tó lè gba àtọ̀. Àtọ̀ ní tirẹ̀ lè wà láàyè nínú abo fún ọjọ́ 5 sí 7. Ìdí nìyẹn tí ajá tí wọ́n tètè gùn fi ń lóyún náà, òun náà ló sì dá àríyànjiyàn oyún ajá sílẹ̀. Ẹnì kan á ní ọjọ́ 58, ẹlòmíràn á ní 70, wọ́n á fẹ́ bá ara wọn jà. Àwọn méjèèjì lè jàre, torí ọjọ́ tí akọ gun abo ni wọ́n ti ń kà á. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹyin bọ́ la ti kà á, bíi 63 ni, kì í sì í yẹ̀ jù ọjọ́ kan tàbí méjì lọ.

Ohun díẹ̀ sí i. Abo ni à ń gbé lọ bá akọ, torí akọ tó bá wà nílé ara rẹ̀ kì í bẹ̀rù. Kó àwo oúnjẹ kúrò níbẹ̀ kí ìjà má bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n ṣeré. Eré yẹn kì í ṣe àfiṣòfò àkókò, níbẹ̀ ni abo ti ń wò ó bóyá òun fẹ́. Tí wọ́n bá ti gun ara wọn lẹ́ẹ̀kan, fi wákàtí 48 sáàárín kí o tó tún gbé e lọ. Tí gbogbo àmì bá pé tó ṣì ń ké bí akọ bá kàn án, kí dókítà fi ìka yẹ ojú ọ̀nà wò. Àwọn kan wà tí ẹran tínínrín dí wọn lọ́nà, ìrora ni wọ́n ń sá fún. Àwọn mìíràn sì wà tí kò kàn fẹ́ràn akọ yẹn ni. Mo ní ọ̀kan tó kọ akọ mẹ́ta, ẹ̀kẹrin tí kò lẹ́wà rárá ló gbà fún.

Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà lè gba àtọ̀ kó sì fi sí i. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1780, àlùfáà ará Ítálì kan tó tún jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀, Lazzaro Spallanzani, ṣe é fún abo ajá kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 62, ajá náà bí ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tí o bá ṣe é ní ọjọ́ tí kò yẹ, òfo ni. Ọjọ́ la kọ́kọ́ ń mọ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ ajá márùn-ún la bí nílé wa. Mẹ́ta jọ akọ wa, méjì jọ ajá òpópónà kan tó máa ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi ní kò ṣeé ṣe.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹyin púpọ̀ ló ń bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àtọ̀ akọ méjì sì lè wà nínú abo pọ̀. Oyún kan, bàbá méjì. Abo tó bá ti wà nígbà tó ń gbà fún akọ kì í dúró lóde láìsí ẹni tó dì í mú, kódà bí àwọn tiyín bá ti gùn ún lánàá. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Ìbéèrè: Ìyá wa, mo gbé ajá mi lọ bá akọ, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ikùn rẹ̀ yọ, ọmú rẹ̀ ní wàrà, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ibùsùn. Títí di òní, kò bí. Lánàá, ó kó bàtà ọmọ mi mẹ́ta jọ sí kọ̀rọ̀, ó ń lá wọn, ó sì ń kùn mọ́ ẹni tó bá súnmọ́ ọn.

Ìdáhùn: Bàtà náà ló bí. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí lójú tirẹ̀, ọmọ ni.

Ara abo ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀yàtọ̀. Tí ìgbà akọ bá ti kọjá, bóyá oyún wà, bóyá kò sí, projẹ́sítírọ́ònù á ga fún bí oṣù méjì. Tó bá wá já wálẹ̀, èròjà tó ń pe wàrà á dìde, ara á sì sọ pé ọmọ ti dé. Ẹ má fún ọmú náà, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń fún un ni yóò máa ṣe wàrà sí i. Ẹ rọra kó bàtà kúrò nígbà tó bá jáde lọ tọ̀. Ẹ máa mú un rìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ń padà bọ̀ sípò fúnra wọn. Tí ọmú bá le, tó gbóná, tó pupa, ẹ lọ rí dókítà. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kí ẹ tó mọ̀: láti ọjọ́ 28 tàbí 30, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún inú ènìyàn náà ń rí ti ajá.

Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò lórí èyí. Irú àkókò yìí kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà akọ, ni ilé ọmọ máa ń kún fún ọyún. Abo mi àkọ́kọ́ ló kọ́ mi. Mo jí lóru, mo gbọ́ tí ó ń lá omi, *lá, lá, lá*, nínú àwo tí mo kún dé ẹnu kí n tó sùn. Nígbà tí mo tanná, ìsàlẹ̀ àwo ló ń lá. Lọ́jọ́ kejì kò jẹun, ó bì. Mo gbé e lọ, ẹni tó wò ó fún mi ní oògùn aràn, ó ní kí n máa lọ. Kò bi mí pé ìgbà wo ló ṣe ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ. Kò sí ọyún kankan lójú ara rẹ̀, torí ẹnu ilé ọmọ ti pa dé, inú ló ń kún sí. Ọjọ́ kẹta ló kú. Ìgbà tí mo ti ibẹ̀ dé ni mo ra ìwé tí mò ń sọ fún yín. Nítorí náà: abo tó ṣe ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, tó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò jẹun, bóyá ọyún ń jáde tàbí kò jáde, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín dárúkọ ilé ọmọ fún dókítà.

Ìbéèrè: Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, akọ ajá kan ni mo ní. Àwọn ènìyàn ń gbé abo wá bá a. Ẹnì kan ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí òun tó gbé tòun wá. Ajá mi sanra, ara rẹ̀ ń dán. Ṣé kì í ṣe ìwọ̀sí ni?

Ìdáhùn: Bàbá, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹni yẹn ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo àwọn tó ti ń wá ti ṣe, ẹ̀yin náà ló sì yẹ kí ẹ bi òun léèrè ìwé tiẹ̀.

Kòkòrò àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Brucella canis. Ajá tó ní in lè sanra, kí ara rẹ̀ máa dán bí ẹ ti wí. Ohun tí ẹ ó rí ni pé abo á ṣẹ́ oyún, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ 45 sí 55, tàbí kó bí òkú ọmọ. Kóró ẹpọ̀n akọ á wú, nígbà tó bá yá á sún kì. Gígùn ń ràn án, omi tó ń jáde lára abo tó ṣẹ́ oyún náà ń ràn án. Ó ń ran ènìyàn. Oògùn kì í sábà lé e tán lára ajá, ẹ̀jẹ̀ tí a tètè yẹ̀ wò nìkan ni ọgbọ́n rẹ̀. Akọ kan tó ní in lè kó bá ilé mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Èkejì, ẹ fi ojú wò ó. Ẹ rọra ti awọ okó rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ wò ó títí dé ìdí. Tí ẹ bá rí ẹran kan tó hù ṣákaṣàka, tó pupa, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kó gun abo kankan. Jẹjẹrẹ kan ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà gan-an ló ń ti ara ajá kan bọ́ sára èkejì nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn, á fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, á máa dàgbà. Imú náà lè ní in, torí ajá ń gbóòórùn ara wọn nídìí. Ìròyìn ayọ̀ ni pé ó ń gbóògùn: abẹ́rẹ́ vincristine lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ló ń yọ ọ̀pọ̀ nínú ewu.

Bàbá, ẹ dárí jì mí, ẹ tún ka kóró ẹpọ̀n rẹ̀. Méjì ni kí ó jẹ́. Tí ọ̀kan bá kù sínú ikùn, ẹ má fi ajá náà gun abo mọ́, torí ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀, èyí tó wà nínú náà sì lè di jẹjẹrẹ lọ́la.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ajá mi bímọ, àkọ́bí rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n rà? Wọ́n ní kí n máa fún un ní káṣíọ̀mù kí wàrà lè pọ̀.

Ìdáhùn: Káṣíọ̀mù yẹn, fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tí o bá ń kó o fún un nísinsìnyí, ara rẹ̀ á ya ọ̀lẹ, kò ní lè yọ èyí tó wà nínú egungun rẹ̀ mọ́. Tí ọmọ bá wá ń fa ọmú gidi, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ìbímọ, káṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì: á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á le gan-an, ara rẹ̀ á gbóná bí iná. Ajá kéékèèké tó bí ọmọ púpọ̀ ni ó máa ń sábà mú. Tí o bá rí i, kó ọmọ kúrò lọ́mú, kí o sì sáré. Oúnjẹ ọmọ ajá ló yẹ kó máa jẹ báyìí, díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí ọmọ ti gba ààyè inú rẹ̀.

Rà tẹmómítà. Láti ọjọ́ 58, máa wọn ìgbóná ara rẹ̀ ní ìdí, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sábà máa ń lé ní 38. Tó bá já sí ìsàlẹ̀ 37.2, nǹkan bíi wákàtí 24 ló kù. Mú un lọ ya àwòrán inú ikùn rẹ̀ ní ọjọ́ 55, kí o lè mọ iye orí tí o ń retí, kó má jẹ́ pé o lọ sùn nígbà tí ọ̀kan ṣì wà nínú.

Jẹ́ kí n sọ òru kan fún ọ. Àwòrán sọ fún wa pé méje ni Adúmáadán gbé. Ó fi odidi ọ̀sán gbọ̀n, ó wa aṣọ, ó kọ oúnjẹ. Ìyẹn kò burú, ó lè tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mẹ́ta jáde láàárín wákàtí méjì. Ẹ̀kẹrin yọ ìrù àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn; ìyẹn náà kò burú, ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ló ń gba ẹ̀yìn wá. Àmọ́ ó tì í, ó tì í, kò kúrò lójú kan. Aago ni mo ń wò. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ń rọbí gidi, mo pe dókítà, mi ò fà á. Ó dé, ó fi òróró sí i, ó fà á wá sísàlẹ̀ ní àkókò tí ìyá ń tì í nìkan. Ọmọ náà jáde nínú àpò rẹ̀, ó rọ jọ̀pọ̀. Ó ti rẹ Adúmáadán, kò bojú wo ibẹ̀. Mo fi ìka ya àpò náà níbi imú, mo nu ẹnu rẹ̀, mo fi táwẹ́ẹ̀lì ra á lẹ́yìn, mò ń ra á, mò ń ra á. Ó pẹ́. Ó wá ṣí ẹnu, ó ní “wíì”, ìyá rẹ̀ gbórí sókè. Àwọn kan máa ń di ọmọ mú, wọn á máa jù ú fìrìfìrì sísàlẹ̀ kí omi lè jáde nímú. Má ṣe é. Ọpọlọ rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀.

Pe dókítà tó bá rọbí gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ọmọ; tó bá ju wákàtí méjì lọ láàárín ọmọ kan àti èkejì nígbà tí o mọ̀ pé ó kù; tí omi aláwọ̀ ewé bá jáde kí ọmọ kankan tó jáde, torí ibi ọmọ ti já nìyẹn. Lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́, aláwọ̀ ewé kì í dẹ́rù bani mọ́.

Ọmọ ajá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ibi tí wọ́n wà gbọ́dọ̀ tó bíi 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì ní apá kan tí kò gbóná kí ìyá lè lọ nà síbẹ̀. Kí gbogbo wọn ti mu wàrà àkọ́yọ kí wákàtí 12 tó pé. Wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́. Èyí tí kò wúwo sí i fún ọjọ́ kan ni kí o fi sí ọmú ẹ̀yìn, níbi tí wàrà pọ̀ sí. Oògùn aràn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, torí inú ìyá ni wọ́n ti ń kó aràn wá.

Ìbéèrè: Akọ ajá mi kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ti ń gun ẹsẹ̀ àlejò. Ojú ń tì mí.

Ìdáhùn: Eré ni. Ọmọ ajá, akọ àti abo, ń gun nǹkan tí inú wọn bá dùn jù tàbí tí ara wọn kò balẹ̀. Má na án, má sì rẹ́rìn-ín. Pè é, fún un ní nǹkan tó lè jẹ lẹ́nu. Sọ fún àlejò kó dìde.

Ìbéèrè: Wọ́n ní abo ajá gbọ́dọ̀ bímọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó kó ilé ọmọ rẹ̀ kúrò, kí ara rẹ̀ lè le. Ọ̀rọ̀ yìí ha rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀, àbúrò. Bíbí kò fún un ní ìlera kankan tí kò ní tẹ́lẹ̀. Tí o kò bá ní àyè, owó àti òru tí o lè fi ṣọ́ ọmọ mẹ́jọ, má jẹ́ kó bí. Iṣẹ́ abẹ náà ló ń gbà á lọ́wọ́ ọyún inú ilé ọmọ, tí wọ́n bá sì tètè ṣe é, jẹjẹrẹ ọmú kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, torí ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Wo ọjọ́ tí èyí tó kọjá bẹ̀rẹ̀, ka oṣù mẹ́ta síwájú, kí o pe dókítà. Tí o kò bá kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ra ìwé lónìí.